Benjamin Franklin àti Ọmọ Rẹ̀

Ní ọdún 1763, bí a bá ń wá ẹni tí ó fi tọkàntọkàn sin Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a kò ní ṣàì dárúkọ Benjamin Franklin. Bàbá rẹ̀ ń ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ ní Boston; òun fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé di ọlọ́rọ̀ ní Philadelphia, ìjọba ọba sì fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún yìí kan náà ni William, ọmọ rẹ̀, gorí oyè gómìnà New Jersey. Ta ni ì bá rò ó pé lẹ́yìn ọdún 13, bàbá yóò fọwọ́ sí ìwé tí ó kọ ọba, ọmọ yóò sì di ẹni àtìmọ́lé nítorí pé kò kọ ọba?

Gbèsè ni ó dá ọ̀ràn sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti bá Faransé jagun fún ọdún méje, ó sì borí. Ṣùgbọ́n gbèsè ogun náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn aṣòfin ní London wá rò pé ó yẹ kí àwọn ará Amẹ́ríkà san díẹ̀ nínú owó tí a fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí, nítorí owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì gan-an pọ̀ ju èyí lọ. Ní ọdún 1765, wọ́n ṣe òfin òǹtẹ̀: ìwé ìròyìn, ìwé ilé-ẹjọ́, ìwé ilẹ̀, títí kan káàdì tí a fi ń ta tẹ́tẹ́, kò sí èyí tí a kò gbọdọ̀ ra òǹtẹ̀ ìjọba fún. Kì í ṣe iye owó náà ni ó bí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà àwọn bàbá wọn ni ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ wọn ti ń dá owó lé wọn lórí. Kò sì sí ẹnì kan tí wọ́n yàn tí ó jókòó láàárín àwọn aṣòfin London. Ẹni tí a kò pè sí ìgbìmọ̀, báwo ni a ṣe ń bu owó lé e?

London ni Franklin wà nígbà náà. Ó rò pé àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò gba òfin náà mọ́ra, ó tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kí a fi ṣe olùpín òǹtẹ̀. Ó ṣì wọn rò pátápátá! Ní Philadelphia, àwọn èrò halẹ̀ pé àwọn yóò wó ilé rẹ̀. Deborah ìyàwó rẹ̀ kò sá. Òun àti àwọn ẹbí mú ìbọn, wọ́n ń ṣọ́ ilé. Ní oṣù kejì ọdún 1766, Franklin dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó sì dáhùn ìbéèrè tí ó lé ní 170 lórí ọ̀ràn náà. Ní oṣù kẹta, wọ́n fagi lé òfin òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe òmíràn tí ó wí pé àwọn ní àṣẹ lórí Amẹ́ríkà nínú ohun gbogbo. Wọ́n yọ ẹ̀gún, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń burú sí i. Ní ọdún 1767 wọ́n dá owó ibodè lé dígí, ọ̀dà, bébà àti tíì. Ní ọdún 1768 àwọn ọmọ ogun wọ Boston. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1770, wọ́n yìnbọn sí èrò, ènìyàn márùn-ún sì kú. Crispus Attucks, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 1773, àwọn ará Boston da àpótí tíì 342 sínú òkun. Ìjọba sì ti èbúté ìlú náà pa.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 1774, a pe Franklin síwájú ìgbìmọ̀ ọba. Ó ti fi àwọn lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ gómìnà Massachusetts ránṣẹ́ sí Boston. Ohun tí ó ṣe yìí kò mọ́ tó. Ṣùgbọ́n fún bíi wákàtí kan ni agbẹjọ́rò ọba, Alexander Wedderburn, fi ń bú u, tí àwọn ọlọ́lá sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ẹni ọdún 68 dúró láìmira, kò fọhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n gba iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí ó kù fún ọba ni wọ́n lé lọ. Franklin kọ̀wé sí William pé ó sàn kí ó fi oyè sílẹ̀, kí ó máa dáko. William kò gbà.

Nígbà tí bàbá padà dé ilé ní oṣù karùn-ún ọdún 1775, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ní Lexington àti Concord, Deborah sì ti kú. Bàbá àti ọmọ jọ sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó yí èkejì lọ́kàn padà. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1776, àwọn ìpínlẹ̀ 13 kéde òmìnira. Franklin wà lára àwọn márùn-ún tí a yàn láti ṣe ìwé náà. Ìwé náà wí pé a dá gbogbo ènìyàn ní ọgbọọgba, bẹ́ẹ̀ ni ó tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà tí ó jẹ́ ẹrú. Ní ọdún 1775, gómìnà ọba ní Virginia ti ṣèlérí òmìnira fún ẹrú ọlọ̀tẹ̀ tí ó bá wá jà fún ọba. Ọ̀pọ̀ sì sá lọ bá a. Àwọn náà mọ ibi tí òmìnira tiwọn ti lè wá.

Ogun parí ní ọdún 1783. William, tí ó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé bẹ bàbá rẹ̀. Wọ́n pàdé ní Southampton ní ọdún 1785, wọ́n ṣe ètò ilẹ̀ àti owó, wọn kò sì tún fojú kan ara wọn mọ́. Nígbà tí Franklin kú ní ọdún 1790, ohun tí ó pín fún ọmọ rẹ̀ kò ju àwọn ìwé tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn gbèsè tí ó dárí rẹ̀ jì í, àti ilẹ̀ kan ní Nova Scotia, níbi tí ọba ṣì ń jọba.