Láti Òkè-Oyi dé Ìlọrin: Ẹrù tí Ó Ń Tẹ̀lé Ni Lẹ́yìn

Ẹni tí ó bá kúrò ní àárín ìlú Ìlọrin, tí ó kọjú sí agbedeméjì àríwá àti ìlà-oòrùn, kò ní rìn jìnnà púpọ̀ kí ó tó dé Òkè-Oyi. Ìlú yìí ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ ibùjókòó ìjọba, ìlú àgbẹ̀ ni síbẹ̀. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ ń jáde láti inú àwọn oko agbègbè náà. Àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú omi àti oko ní agbègbè ìsàlẹ̀ Odò Ọya sì ní oko kan níbẹ̀ tí a ń bomi rin, kí ohun ọ̀gbìn má baà dáwọ́ dúró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ dájú pé oúnjẹ tí ó wà lóko kò tíì di owó. Ọ̀nà ni ó wà láàárín méjèèjì. Láyé àtijọ́, orí ni àwọn baba wa fi ń ru ẹrù, tàbí kí wọ́n gbé e lé ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ní ọdún 1908 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin. Ní 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí Odò Ọya. Lẹ́yìn èyí ni bọ́lẹ́kájà onípákó gbòde kan. Lónìí, píkọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò gbójú lé. Nígbà tí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kò bá sì gba ẹrù mọ́, wọn a so tírélà mọ́ ọn.

Tírélà tí à ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ gàgàrà tí ń ti Èkó lọ sí Kánò. Agbọ̀n irin ni, oní-táyà méjì, tí àwọn wẹ́dà jó pọ̀, tí a sì ń fi ìkọ́ so mọ́ ìdí ọkọ̀ tí yóò fà á. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní bíréèkì tiwọn. Ẹni tí ó bá ru ẹrù lórí kò níláti bi ẹnikẹ́ni léèrè bí ó ti wúwo tó: ọrùn rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹrù tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé ojú ọ̀nà, nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ìyọnu.

A wà ní Òkè-Oyi ní ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ so irú tírélà bẹ́ẹ̀ mọ́ píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ti ń wa ọkọ̀ náà bọ̀ láti ọdún díẹ̀, kò sì ní àbùkù lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò fa ohunkóhun rí. Iṣu àti àpò àgbàdo ni ẹrù rẹ̀, èrè ọdún kan gbáko fún ìdílé mẹ́ta. Àwọn aláròóbọ̀ ti ń dúró ní Ìlọrin, oòrùn sì ti ń ga. Ara gbogbo wọn ń wá láti lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan, tí ó jẹ́ àbúrò bàbá ọmọ náà, tí ó sì ti fi ìgbà èwe rẹ̀ wa ọkọ̀ ẹrù, rọra rìn yí tírélà náà ká. Ó tẹríba, ó fi ọwọ́ kan gbé ẹnu ìkọ́ rẹ̀ sókè, ó sì gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó to ẹrù yìí?”

Ọmọ náà dáhùn pé, “Àwa ni, Bàbá. Ẹ̀yìn ni a kó iṣu sí, kí ó lè rọrùn láti sọ̀ bí a bá dé ọjà.”

Bàbá ní, “Ọjà kò tíì kàn. Ọ̀nà ni ó kàn.”

Ó sì pàṣẹ kí wọ́n sọ gbogbo ẹrù náà kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ràn. Àwọn àgbà ti wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìdí àṣẹ yìí yẹ kí gbogbo ẹni tí ń fa ẹrù mọ̀. Bí ìwúwo bá pọ̀ sí ẹ̀yìn táyà tírélà, ẹnu ìkọ́ yóò fúyẹ́, yóò máa gbé ìdí píkọ́ọ̀pù sókè, tírélà yóò sì máa jù sọ́tùn-ún àti sósì bí ìyára bá ti pọ̀ sí i. Bí ó bá sì pọ̀ jù níwájú, yóò tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa fún ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀. Ìwọ̀n tí ó tọ́ ni pé kí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀. Bí tírélà àti ẹrù rẹ̀ bá wọn 1,000 kílò, kí 100 sí 150 kílò wà lórí ìkọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to iṣu, tí ó wúwo, sí ìsàlẹ̀, kí ó ṣú síwájú táyà díẹ̀; wọ́n kó àpò àgbàdo lé e lórí; wọ́n sì fi okùn dè é gírígírí. Bàbá fi ṣéènì méjì kọ́ ara wọn lábẹ́ ìkọ́, pé bí ìkọ́ bá já, ẹnu tírélà yóò bọ́ sórí ṣéènì, kò ní gún ilẹ̀. Ó wo iná ẹ̀yìn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán gbogbo nọ́ọ̀tì táyà wò.

Àwa mẹ́ta ni a jókòó níwájú. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, inú ọmọ náà dùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, ó ń fà á!”

Bàbá dáhùn pé, “Kì í ṣe èyí tí ó ń fà á ni mò ń wò. Èyí tí yóò dá a dúró ni mò ń wò.”

A kò tètè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ọmọ náà tẹ iná díẹ̀ sí i, tírélà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́yìn wa bí ẹja tí ń ju ìrù nínú omi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré lọ sórí bíréèkì. Bàbá kígbe pé, “Má tẹ̀ ẹ́! Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, di sítíárìn mú gbọọrọ!” Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ìmì náà sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì pátápátá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó bá ń yí sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún láti bá tírélà jà, òun gan-an ni yóò bì í ṣubú.

Ṣáájú ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ̀, Bàbá mú kí ó ti bọ́ sí jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì ṣiṣẹ́. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan já sí títì lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ náà tẹ bíréèkì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ń tì wá láti ẹ̀yìn bí ẹni pé kò gbọ́. A rìn jìnnà ju bí píkọ́ọ̀pù lásán ì bá ti rìn lọ kí a tó dúró. Àwọn ọmọdé náà rékọjá, wọ́n tilẹ̀ juwọ́ sí wa. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Bí ìyára ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò gbà kí ó tó dá a dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹrù tí kò ní bíréèkì bá sì wà lẹ́yìn, ọ̀nà náà tún gùn sí i. Nítorí náà ni ìlànà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, fi fi kílómítà 45 ní wákàtí kan ṣe òpin fún ọkọ̀ tí ń fa òmíràn. Àwọn kan a máa rò pé ìlọ́ra ni èyí. Bí wọ́n bá wà pẹ̀lú wa ní ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn, wọn kì bá rò bẹ́ẹ̀.

Níwájú díẹ̀, a dúró lẹ́bàá ọ̀nà. A rí nọ́ọ̀tì kan tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Okùn náà sì ti dẹ̀, nítorí ẹrù ti jókòó. A dì wọ́n, a sì tẹ̀síwájú. Ní ìkóríta Ìlọrin, ọmọ náà kọ́ láti lọ síwájú dáadáa kí ó tó yà, nítorí táyà tírélà kì í tọ ipa táyà ọkọ̀. Ó máa ń gé kọ̀rọ̀, ó sì lè gun orí ẹsẹ̀ ẹni tí ó dúró létí títì. Ní ẹnu ọjà, ó níláti fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tírélà ká kò. Bàbá ní kí ó fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú: ibi tí ọwọ́ bá lọ, ibẹ̀ ni ìdí tírélà yóò lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó wọlé gbọọrọ. Ọjà ti ṣú díẹ̀, àwọn aláròóbọ̀ kan ti lọ, ṣùgbọ́n iṣu kan kò dá, gbogbo rẹ̀ sì tà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ yín lè fà ni ìwọ̀n agbára rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ó lè dá dúró nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá já sí títì. Ẹ to ẹrù yín kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìkánjú ọjà má baà tò ó fún yín. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í nini lára.