Owó Tí A Kò Gba Ìwé Ẹ̀rí Fún

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Pobè sí Kétu, ọlọ́pàá kan na ọwọ́ sókè, ó dá ọkọ̀ wa dúró. A kò sáré àsápajúdé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọkùnrin náà kí wa, ó ní kí a fi ìwé ọkọ̀ hàn. A fi 2.000 fíráǹkì sáàárín ìwé náà, a nà án sí i. Ó wo ìwé, ó wo ojú wa, ó ní kí a máa lọ.

A kò tíì rìn jìnnà tí ọmọ náà fi béèrè pé: “Monsieur, kí ni ẹ san owó yẹn fún? Ẹ kò ṣáà ṣẹ̀. Kí ló tilẹ̀ dá wa dúró fún?”

Ọ̀pọ̀ wa ló ń rò bíi tirẹ̀, pé ọlọ́pàá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹni tí kò ṣẹ̀ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, abala 25 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1990 wa fún wa ní òmìnira láti lọ àti láti bọ̀, ṣùgbọ́n ní ìlànà òfin ni. Ẹni tó bá wakọ̀ sí títì gbọ́dọ̀ fi permis, carte grise àti asiráǹsì rẹ̀ hàn bí agbófinró bá béèrè. Àtìmọ́lé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù: abala 18 ní kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ láìsí àṣẹ adájọ́. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá sì wà, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀; àpò ìjọba ni owó ìtanràn ń lọ, ìwé ẹ̀rí a sì máa tẹ̀lé e. Gbogbo èyí ni a ti kọ sójú pátákó fún kíláàsì ọmọ yìí gan-an.

Ṣùgbọ́n asiráǹsì wa ti kú láti ọjọ́ mẹ́rin. A mọ̀, owó oṣù ni a ń retí. Bí a bá jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú ẹgbẹ́ wa, ẹjọ́ ọlọ́pàá tó ń gbowó ni a máa ń rò. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò béèrè. Àwa ni a kọ́kọ́ na ọwọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró wà nínú àpò wa, a sì sanwó kí wọ́n má baà rí i. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá farapa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ńkọ́?

A sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí a fojú sí ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì a yá owó, a san asiráǹsì náà. A kò tíì dá ọmọ náà lóhùn.