Kérésìmesì tí Ìrẹsì Jóná

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè pé kí n kọ nǹkan lórí ìkíni Yorùbá, pàápàá bí a ṣe ń lo "kú" láti kí ènìyàn nígbà gbogbo àti lórí ohun gbogbo. Mo ti ṣe ìlérí náà títí ojú fi ń tì mí. Lónìí, mo fẹ́ san gbèsè yìí, ṣùgbọ́n n kò ní gba ọ̀nà kíláàsì. Ìtàn oúnjẹ Kérésìmesì tí a jẹ nínú ilé mi ní Ìbàdàn ní ọdún 2023 ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí ọdún náà tó dé, Ìsẹ́yìn, nílé àwọn òbí mi, ni gbogbo wa ti máa ń ṣe Kérésìmesì. Màmá ló ń dáná, Bàbá ló ń gbàdúrà. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá. Òun ló kọ́ mi ní A, B, D, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Àdúrà rẹ̀ lórí oúnjẹ kì í kúrú. Á dúpẹ́ nítorí àwọn baba ńlá wa, á gbàdúrà fún ìjọba, á yà sọ́dọ̀ àwọn tó wà lójú ọ̀nà, títí ọbẹ̀ á fi tutù. Àwa ọmọ a sì máa fi ẹsẹ̀ ta ara wa lábẹ́ tábìlì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì há sí i lẹ́nu. A mú un wá sí Ìbàdàn kí ó lè súnmọ́ àwọn oníṣègùn, Màmá sì bá a wá. Bí Kérésìmesì ṣe di ti ilé mi nìyẹn.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn Paul Broca fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Oníṣègùn ará Faransé ni, ó sì ṣe àlàyé ní ọdún 1861 nípa aláìsàn kan tí kò lè sọ ju "tan" lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún un ń yé e. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ ọkùnrin náà wò lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n rí i pé apá iwájú ní ẹ̀gbẹ́ òsì ti bàjẹ́. Bí ẹni ń pìtàn ìlú òkèèrè ni mo ṣe máa ń sọ ọ́. Ìgbà tí Bàbá jókòó síwájú mi, tó ń wá orúkọ ṣíbí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí omi sì lé ròrò sí i lójú, ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo fi ń kọ́ni kò tíì yé mi. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ló kù, àwọn méjèèjì sì máa ń gba ipò ara wọn. Olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kò jẹ́ fún mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àlejò. Bí ó bá gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà, á nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pé kí a bá òun tì í.

Ẹni mẹ́tàdínlógún ni à ń retí, àga mọ́kànlá ni a ní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ láti Òṣogbo, àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti Èkó, Àlàájà, àbúrò Bàbá, sì ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Kí ó má ya àjèjì lẹ́nu pé Àlàájà ń bọ̀ wá jẹ Kérésìmesì. Àwa náà kì í pàdánù ẹran Iléyá nílé tirẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi pín iṣẹ́. Mo gba ìrẹsì, kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé náà lè dáná. Òun gba mọ́ínmọ́ín, dòdò àti tòlótòló. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ méjì, iná mànàmáná lọ, kò sì padà. Yìnyín ara tòlótòló yọ́, ó di dandan kí a din ín lóru. Epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. A rọra ra ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, gáàsì tán lábẹ́ ìkòkò mọ́ínmọ́ín. A gbé e lọ sórí àdògán lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan ki, àwọn kan ń ṣàn nínú ewé eéran.

Ìrẹsì ńkọ́? Ẹ̀bi tèmi ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méjìlá, ló bi mí pé kí ló dé tí Yorùbá fa "Christmas" gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìgbákọ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé sílébù méjì ló jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì pọ̀ lórí ara wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Nítorí náà, a fi fáwẹ̀lì há a láàárín, ó di márùn-ún: Ké-ré-sì-me-sì. Ibi tí mo ti ń ka sílébù "búrẹ́dì" fún un ni òórùn kan ti gba imú wa. Màmá dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ò ń dáná ni, àbí ò ń kọ́ni níwèé?"

Èyí tó burú jù kò sí nínú ìkòkò. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kí a gbé oúnjẹ Bàbá sí yàrá, kí ojú má baà tì í láàárín èrò. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Àbúrò mi gbọ́, inú bí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè tì wọ́n mọ́lé lọ́jọ́ ọdún."

Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ tí ọmọ rẹ kò gbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ, kí lo mọ̀ nípa ọ̀wọ̀?"

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ kí n tó mọ̀. Gbogbo ilé ìdáná dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́ náà ni a ti gbọ́ ohùn ọmọdé láti yàrá Bàbá. Àbíkẹ́yìn àbúrò mi ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ náà gan-an tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ẹ̀gàn. Ẹnikẹ́ni kò rán an. A rìn dé ẹnu ọ̀nà, a rí i lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, Bàbá àgbà."

Kò sí èsì. Ọmọ náà kò dìde. Ẹnu Bàbá ń mì.

"Ẹ… ẹ kú ìyèdún."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Ọjọ́ kan pẹ̀lú."

"Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́."

Ìwọ̀nba ohun tí ọmọ náà mọ̀ ti tán. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ káàárọ̀." Bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán ti kọjá. Bàbá gbé ìka ọwọ́ òsì sókè, bó ṣe máa ń gbé e sí wa nígbà tí a wà ní kíláàsì rẹ̀.

"Káàsán," ni ó wí. "Ẹ… káàsán."

"Ẹ káàsán, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ kíyè sí i pé "ẹ" ni Bàbá fi dá ọmọ ọdún mẹ́fà lóhùn, kì í ṣe "o". Àgbà kì í fi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọmọdé. Odidi ni gbólóhùn náà ṣe jáde, bí a ṣe tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó wà nínú ìwé pé ìkíni, àdúrà àti òǹkà sábà máa ń ṣẹ́kù nígbà tí agbára àtihun gbólóhùn tuntun bá ti lọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá gbáko ni mo fi ń gbé nǹkan síwájú Bàbá: "Kí nìyí? Kí là ń pè é?" Àràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ kí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kì í dúró gba èsì. Mo rò pé kò sí.

Ọmọ náà fà á lọ́wọ́, ó jáde sí yàrá ìgbàlejò. Àwọn ọmọdé wà lórí ẹní, àwọn ọ̀dọ́ jókòó lórí àpótí mínírà tí a dojú rẹ̀ dé. Ó di àkókò àdúrà. Mo ti lanu láti gbà á, ṣùgbọ́n Màmá fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀.

"Olúwa," ni Bàbá wí. Ó dúró. Ó wá a títí. "A dúpẹ́."

"Àmín!" Ti Àlàájà ló ròkè jù. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé nínú ìrántí mi tí a jẹ oúnjẹ Kérésìmesì ní gbígbóná.

Ọwọ́ òsì ni Bàbá fi jẹun, ìrẹsì sì ń dà sí i láyà. Ti ọmọ tó jókòó tì í pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó wo ẹnìkankan. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíbí mu mọ́ínmọ́ín, ó ní ọbẹ̀ ẹ̀wà náà dùn. Àlàájà ní ìrẹsì àríyá tí kò bá rùn èéfín kò tíì jinná. Màmá ha ìdí ìkòkò fún àwọn ọmọ, wọ́n sì ń jà á. Mo bu itan tòlótòló sínú àwo àbúrò mi. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Bàbá yíjú sí èmi àti ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó."

Gbèsè mi rèé o. Ohun yòówù tí ènìyàn bá ń ṣe tàbí tí ó bá ń là kọjá, a lè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, kí a fi "kú" ṣáájú rẹ̀, ó di ìkíni. "Ná" àti "owó" bí ìnáwó, "yè" àti "ọdún" bí ìyèdún. Kò sí ohun tó nira níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kí i láàárọ̀, mo máa ń dúró.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí: ẹ wá àgbàlagbà kan kí lónìí, kí ẹ sì dúró gba èsì. Ó dìgbà kan ná.