Ọjọ́ Tí Gílóòbù Méjì Kò Dọ́gba

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kí n tó wo inú gílóòbù tọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Lójú pátákó, òbìrí kékeré kan tí ìlà méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀ ni gílóòbù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á fún èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń yà á fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Yunifásítì tí mo ti wá ń ṣiṣẹ́ ló kó àwa márùn-ún jọ, olùkọ́ físíìsì mẹ́ta, olùkọ́ ìṣirò méjì. Wọ́n ní kí a ṣe ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ kí olùkọ́ tó là á yé e. Àwa kọ́ la dá ọgbọ́n náà. Ní Seattle, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Lillian McDermott àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Washington ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é, wọ́n sì tẹ ìwé Physics by Inquiry jáde ní 1996. Tí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, wọn kì í fi òfin Ohm bẹ̀rẹ̀. Bátìrì kan, gílóòbù kan àti wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kó lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ní kó tàn án.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó jẹ́ olórí wa kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó na ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi, ó ní, "Àbúrò, gbà, tàn án."

Mo fi ìdí gílóòbù lé orí bátìrì, mo mú wáyà láti ìdí bátìrì, mo fi kan ìdí gílóòbù kan náà. Kò tàn. Wáyà gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mo jù ú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fọ́ gílóòbù kan sínú àkísà. Okùn irin tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan lọ sí ìdí gan-an, èkejì yà sí ẹ̀gbẹ́ ife irin tó gbé e dúró, ohun dúdú kan sì là wọ́n láàárín. Àṣé ẹnu ọ̀nà méjì ni gílóòbù ní, mo ti ń gba ẹyọ kan wọlé, mo tún ń gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀ ń rò pé ìyẹn ti tó láti rẹ̀ mí sílẹ̀? Rárá o. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a wọ kíláàsì, ẹ̀kọ́ ìṣirò la mú lọ. A fún àwọn ọmọ ní agolo mílíìkì, ìdérí ìkòkò àti okùn, pé kí wọ́n wọn àyíká, kí wọ́n wọn ìdábùú, kí wọ́n fi èkejì pín èkíní. Àwọn kan rí 3.0, àwọn kan rí 3.3. Mo ní kí gbogbo wọn pa á rẹ́, kí wọ́n kọ 3.14. Nígbà tí a jáde, Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Kí la wá gbé okùn wá fún?" N kò rí èsì fọ̀.

Ó ní kí n máa fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀ nínú kíláàsì. Mo gbọ́ ara mi: mo béèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọ tó mí kanlẹ̀, mo ti dáhùn. Obìnrin Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, ti wọn èyí tipẹ́ láàárín àwọn olùkọ́ ìlú wọn, ó sì rí i pé ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni wọ́n sábà máa ń dúró. Bí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọmọ á gùn sí i, á sì ní làákàyè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú, tí mo ń di eyín mọ́ ahọ́n.

Síbẹ̀, mo dúró títí, kẹ́kẹ́ pa. Èdè Òyìnbó la fi kọ gbogbo ìwé iṣẹ́ wa. Ó ti sú mi lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá." Kíláàsì gbiná. Ojú sì tún tì mí, nítorí láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa, àwa ń wo Seattle.

Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n sọ Yorùbá yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn ọmọ náà. Lẹ́nu wa, iná ló ń jó igi, iná ló ń mọ́lẹ̀, iná náà sì ni fíríìjì ń jẹ. Nítorí náà, nígbà tí a fẹ́ to gílóòbù méjì tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn ló ti mọ èsì: èyí tó sún mọ́ orí bátìrì ni yóò kọ́kọ́ jẹ, àjẹkù ni yóò kan èkejì. Ẹgbẹ́ Seattle bá irú èrò yìí pàdé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tiwọn náà. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn ọmọ fi gbé àjẹkù yìí síkùn níwájú mi, tí wọ́n ń kọ V = IR, tí mo ń fún wọn ní máàkì.

A so gílóòbù méjèèjì pọ̀. Ó yẹ kí méjèèjì mọ́lẹ̀ dọ́gba. Ti òkè mọ́lẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ! Àwọn ọmọkùnrin hó yèè: "Àjẹkù ni, Sà!" Òógùn bò mí. Gílóòbù ọjà ni, a kò yẹ̀ wọ́n wò tẹ́lẹ̀. Mo ti ya ẹnu láti ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ó dọ́gba, ni mo bá rántí 3.14. Mo pa ẹnu dé.

Ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn: "Sà, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ wọn." Òun fúnra rẹ̀ ló wá tú wọn, ó gbé ti òkè sísàlẹ̀, ó gbé ti ìsàlẹ̀ sókè. Èyí tó ń mọ́lẹ̀ jù tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń mọ́lẹ̀ jù, nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń hó fi ọwọ́ bọrí. "Tó bá jẹ́ àjẹkù ni," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "báwo ni ẹni tó jẹ àjẹkù ṣe wá yó ju ẹni tó kọ́kọ́ jẹun lọ?"

N kò ní purọ́ pé ọ̀nà yìí rọrùn. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fún wa, gílóòbù méjì nìkan ló gba gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ ṣì ń bọ̀ wá kojú WAEC. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ibi tí a fi ìjà náà tì sí ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti takókó nìkan la ó ti máa jẹ́ kí wọ́n tú u fúnra wọn. Ìyókù, a ó là á fún wọn.

Bí agogo ṣe lù, ọmọbìnrin náà kò tíì jókòó. "Sà, tí gílóòbù kò bá jẹ nǹkan tó ń gba inú wáyà kọjá, kí ló dé tí bátìrì fi ń kú?"

Mo mọ èsì rẹ̀ dáadáa. Mo fi ọwọ́ lé ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì...