Ẹ Má Pè É Ní Ẹja Yìnyín

Dallas, Texas,
Oṣù Kìíní.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé kùrukùru ọyẹ́ á ti bo Òkè Ìdànrè báyìí, tí ẹ ò ní rí orí àpáta láti ojúde wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ fèsì sí, pé ẹja yìnyín nìkan là ń jẹ níbí, pé ẹja inú omi tútù á ti sùn. Ẹja ò sùn, Bàbá. Èmi tí mo lọ pẹja ni yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú.

Ọmọ Ìlàjẹ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló jí mi ní aago mẹ́rin òru Sátidé. A wa mọ́tò bíi wákàtí kan ààbọ̀ dé adágún Texoma, láàárín Texas àti Oklahoma. Dáàmù tí wọ́n fi sé Red River ní 1944 ló sọ ibẹ̀ di adágún. Omi rẹ̀ kì í sábà dì, ṣùgbọ́n ihò tí okùn ń gbà lára ọ̀pá ìwọ̀ ń dí fún yìnyín, à ń fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ṣòkòtò mẹ́ta ni mo wọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín: “Ará orí òkè!”

Ẹja tí a tìtorí rẹ̀ jí, striped bass ni wọ́n ń pè é. Ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ló fà gbọọrọ dé ìrù rẹ̀, bí aṣọ òfì. Inú òkun ló ń gbé tẹ́lẹ̀, odò ló ń gùn lọ yé ẹyin. Ní àwọn ọdún 1940, dáàmù kan ní South Carolina há díẹ̀ mọ́ inú omi aláìníyọ̀, wọn ò kú, wọ́n ń bí sí i. Bí wọ́n ṣe kó irú rẹ̀ wá sí Texoma ní àwọn ọdún 1960 nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ adágún, ọdọọdún ni wọ́n ń da ọmọ ẹja tuntun sómi, torí ẹyin rẹ̀ kò gbọdọ̀ rì; omi tó ń ṣàn ló gbọ́dọ̀ máa gbé e títí yóò fi pa. Red River gùn tó fún ìyẹn, ni ti Texoma fi ń bí fúnra rẹ̀.

Ẹyẹ ló ń júwe ibi tí striped bass wà. Ẹja náà ń lé ẹja wẹ́wẹ́ wá sókè, àwọn ẹyẹ funfun kan á sì ya bò wọ́n. Ibẹ̀ la ń sáré tukọ̀ lọ.

Ìbátan àrọ̀ tún wà níbẹ̀, blue catfish, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń jẹ̀. Ẹja tí a gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni ìdẹ rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2004, ẹnìkan fi ìwọ̀ fa ọ̀kan jáde níbẹ̀ tó wọ̀n kílò 55. Bàbá, ó ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ! Tèmi ò tó ọmọ ọwọ́ kan.

Òfin wọn ló dùn mí. Striped bass mẹ́wàá lẹ́nìkan lè mú lóòjọ́, méjì péré ló sì lè gùn tó ínṣì 20. Mo ti ní méjì, ni ẹ̀kẹta bá gbé ìwọ̀, ó gùn, ó sanra. Ọmọ Ìlàjẹ wọ̀n ọ́n, ó ní kí n dá a padà. Ojú mi ń wò ó báyìí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màámi gbọ́ èyí.

Àrọ̀ tí mo mú yẹn ni mo fi se ọbẹ̀ lálẹ́. Iyán ìyẹ̀fun ni mo fi jẹ ẹ́, ẹ má bínú. Ata ló kù díẹ̀ káàtó. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, ẹ fi ata gígún ránṣẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Akin.