Dòdò nìkan kọ́ ló wà lọ́nà Ìkirè

Kò sí ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ tí kò mọ dòdò Ìkirè. Àmọ́ kí ọkọ̀ tó dé Ìkirè, á kọ́kọ́ gba Aṣéjìre kọjá, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rómi mu. Èèyàn mélòó ló ń bojú wo ibẹ̀ láti fèrèsé?

Ẹyẹ ń bẹ létí omi yẹn o, kì í ṣe lékeléke nìkan. Ẹ wo apẹja kékeré aláwọ̀ dúdú òun funfun: á dúró sójú kan lófuurufú, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, á dorí kodò. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti já sómi. Òmíràn wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé orí ewé òṣíbàtà ló ti ń rìn, kò sì ní rì.

Àwọn kan ń ti òkè òkun wá sí igbó ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn nítorí ìbátan ẹgà kan, olórí pupa, tí kò sí níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwa ń fi kànnàkànnà lé tiwa. Ẹ̀yin òbí Ìkirè àti Àpòmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kànnàkànnà lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ kọ́ ọ lórúkọ ẹyẹ.