Òfin Ayò Méjì
Ọ̀rẹ́ méjì jọ dàgbà ní Ọ̀fà. Ọ̀kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ta ayò. Ilé 12, ọmọ 48, èyí kò fa àríyànjiyàn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀kan fẹ́ jẹ gbogbo ọmọ ọ̀tá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ di ariwo. Wọ́n wá òfin ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oware tí àwọn ará Gánà ń pè é ni wọ́n sì ń rí. Ìwé kan ní irú títa bẹ́ẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Òmíràn ní ó lè ta á, ṣùgbọ́n kò ní jẹ ọmọ kankan. Nílé, àgbà tó ń wòran ni ìbá dá ẹjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo tirẹ̀ a máa ju ti àwọn tó ń ta á lọ. Báyìí, wọn a kọ́kọ́ fi òfin tí wọn yóò lò ránṣẹ́ síra wọn, kí ẹnikẹ́ni tó ta.